Muda Lawal: Mẹkáníìkì Tí Ó Di Òpó Àárín Pápá

Ó ti di àṣà wa nínú ìwé ìròyìn àyájọ́ yìí láti máa kọ ìtàn ìgbésí ayé ẹni ńlá kan tí ó ti lọ sí ilé ìsinmi, kí àwọn ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí ipa ẹsẹ̀ tí wọn yóò tọ̀. Àwọn àlùfáà, àwọn olùkọ́, àwọn adájọ́ àti àwọn oníṣègùn ni a sábà máa ń kọ nípa wọn. Ẹni tí a mú lọ́dún yìí yàtọ̀. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ilé-ẹ̀kọ́ wa, kì í sì í ṣe ọmọ Ìjẹ̀bú. Ìwé kọ́ ni ó sọ ọ́ di olókìkí. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ rẹ̀ lójú àwọn òbí wa tí wọ́n ti gbọ́njú ní ọdún 1980, ojú wọn yóò tàn, ẹlòmíràn yóò sì rántí ibi tí ó jókòó sí gan-an nígbà tí rédíò ń kéde góòlù.

Mudashiru Babatunde Lawal ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Muda Lawal ni gbogbo ayé ń pè é. Ní Abẹ́òkúta ni a bí i sí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà, ọdún 1954. Nígbà náà, Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú jọ wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìbàdàn. Oṣù bíi méje lẹ́yìn tí a bí i, ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìran tí ó bá ètò náà dàgbà ni ìran Muda. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ yìí kò kọjá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ tó lè wọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tiwa yìí, owó ilé-ẹ̀kọ́ ń bẹ níbẹ̀, owó ìwé ń bẹ níbẹ̀, owó aṣọ náà kò gbẹ́yìn. Nítorí ìdí èyí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ tí orí wọn pé ni ó ka ìwé kẹfà tán tí wọ́n sì yà sí ìsọ̀ iṣẹ́ ọwọ́. Òmíràn lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, òmíràn kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, òmíràn sì di bíríkìlà.

Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni Muda ṣe kí ó tó di agbábọ́ọ̀lù. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó rí ní ìsọ̀ mẹkáníìkì létí ọ̀nà Ìbàdàn níhìn-ín ní Ìjẹ̀bú-Òdé, tí ẹ ń dúró de ọkọ̀ yín, ẹ mọ irú ayé tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń gbé. Òun ni ó ń tètè dé jù lọ, òun ni í gbá ilẹ̀ ìsọ̀. Òun ni í fi bẹntiróòlù fọ irin tí ó ti dọ̀tí, òun ni í na sípánà sí ọ̀gá nígbà tí ọ̀gá bá dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ nọ́ńbà sípánà kọ̀ọ̀kan láìwò ó lẹ́ẹ̀mejì. Díẹ̀díẹ̀ ni etí rẹ̀ yóò máa gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì, títí yóò fi mọ èyí tí ara rẹ̀ dá àti èyí tí àìsàn ń ṣe. Iṣẹ́ náà ń kọ́ ènìyàn ní sùúrù. Ó tún ń kọ́ni pé ohun tí ó wà nísàlẹ̀, tí èrò ọkọ̀ kì í rí, ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn. Bí a bá wo irú agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí dà nígbẹ̀yìn, a ó rí i pé ẹ̀kọ́ náà bá a dé orí pápá.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ó gbé orúkọ rẹ̀ jáde. Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀ Yorùbá. Abẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí a ń pè ní WNDC ni ó wà tẹ́lẹ̀. Ní àkókò Muda, IICC Shooting Stars ni wọ́n ń pè é, nítorí iléeṣẹ́ IICC ni ó ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di 3SC. Pápá ìṣeré Líbátì tí a ṣí ní ọdún 1960, èyí tí a ti fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè lónìí, ni wọ́n ti ń gba àlejò. Bí ìdíje pàtàkì bá bọ́ sí ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú náà a máa wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn láti lọ wò ó. Ẹni tí kò bá rí owó ọkọ̀, a jókòó ti rédíò, a sì fi etí rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí.

Kí àwọn ọmọ wa tí kò bá a láyé lè mọ ohun tí à ń wí, ó yẹ kí a ṣàlàyé ibi tí ó ń dúró sí lórí pápá. Àwọn adènà wà lẹ́yìn níwájú ilé. Àwọn atamátàsé wà níwájú. Àárín àwọn méjèèjì ni Muda ń gbé. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù lọ, ibẹ̀ náà sì ni ìyìn ṣọ̀wọ́n sí. Bí ẹgbẹ́ kejì bá ń bọ̀, ẹni àárín ni yóò kọ́kọ́ pàdé wọn kí ìjà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn adènà. Bí ó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ wọn tán, òun náà ni yóò wo ibi tí àyè wà, tí yóò sì gbé e fún ẹni tí ó lè sáré. Lẹ́yìn náà yóò tẹ̀lé bọ́ọ̀lù lọ síwájú, bí ó bá sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, yóò tún sáré padà wá ran àwọn adènà lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá jẹ góòlù ni wọn yóò gbé léjìká. Aṣọ́lé tí ó bá fò mú bọ́ọ̀lù ni wọn yóò pàtẹ́wọ́ fún. Ẹni tí ó sáré láàárín méjèèjì fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, ẹni tí ó lójú inú nìkan ni í rí i.

Ọdún 1976 ni ayé bẹ̀rẹ̀ sí í rí Muda. Ọdún mánigbàgbé ni ọdún náà jẹ́ fún wa ní ẹkùn yìí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ni ìjọba ológun pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí mẹ́ta, tí Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì di ọmọ ilé kan náà nínú Ìpínlẹ̀ Ògùn. Kí oṣù náà tó parí, ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Áfíríkà ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Etiópíà, ọmọ Abẹ́òkúta yìí sì wà nínú ẹgbẹ́ Green Eagles tí ó lọ ṣojú Nàìjíríà. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni. Láti ọdún 1963 ni Nàìjíríà kò ti fojú kan ìdíje yìí mọ́. Ipò kẹta ni wọ́n mú bọ̀.

Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún kan náà, wọ́n tún lọ sí ìlú Montreal ní Kánádà fún ìdíje Òlíńpíìkì. Ṣùgbọ́n wọn kò gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kọ̀ láti kópa, nítorí pé New Zealand, tí ẹgbẹ́ rọ́gíbì rẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní South Africa tí ó ń fi ìyà jẹ àwọn aláwọ̀ dúdú, wà lára àwọn tí a pè síbẹ̀. Àǹfààní tí ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ń wá títí ayé wọn bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ju bọ́ọ̀lù lọ. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n padà wálé.

Ohun tí wọn kò rí ní Montreal, Muda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní Ìbàdàn kí ọdún tó parí. Shooting Stars ń díje fún Ife Áfíríkà ti àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife-ẹ̀yẹ ní orílẹ̀-èdè wọn. Wọ́n borí Zamalek ti ìlú Kairo, wọ́n sì dé àṣekágbá, níbi tí wọ́n ti pàdé Tonnerre ti ìlú Yaoundé ní Kamẹrúùnù. Tonnerre yìí ni ó gba ife náà ní ọdún tí ó ṣáájú, Roger Milla tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la sì wà láàárín wọn. Ní Ìbàdàn, Shooting Stars fi góòlù 4 sí 1 borí. Ní Yaoundé, góòlù kan ṣoṣo ni Tonnerre rí jẹ. Báyìí ni ife náà ṣe wọ ilẹ̀ Nàìjíríà. Kò sí ẹgbẹ́ kankan ní orílẹ̀-èdè yìí tí ó ti gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí ṣáájú ọjọ́ náà. Sam Ojebode, Best Ogedegbe, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, Kúnlé Awesu, Moses Otolorin àti Muda Lawal wà lára àwọn tí orúkọ wọn gba ẹnu gbogbo ènìyàn láti Ìbàdàn dé Èkó.

Ìyìn bọ́ọ̀lù kì í pẹ́ kí ó tó di ẹkún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1977, nígbà tí Nàìjíríà ń wá ọ̀nà láti dé ìdíje Ife Àgbáyé ti ọdún 1978, Tùnísíà wá sí Èkó, góòlù kan ṣoṣo ni ó sì ba ìrètí jẹ́. Godwin Odiye, tí ó jẹ́ adènà rere, ni ó fi orí gbá bọ́ọ̀lù wọlé ara wa nígbà tí ó fẹ́ gbà wá sílẹ̀. Irú nǹkan báyìí ni ó ń jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn tí ń dáàbò bo ilé le: ẹgbàárùn-ún ìgbà tí wọ́n gbà wá, a ò kà á, ẹ̀ẹ̀kan tí ẹsẹ̀ tàbí orí wọn yẹ̀, a kì í gbàgbé. Ní oṣù Kẹta ọdún 1978, Muda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Gánà fún Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà, wọ́n sì tún mú ipò kẹta bọ̀.

A dé ọdún 1980. Ìjọba alágbádá kò tíì lo oṣù mẹ́fà, Alàgbà Shehu Shagari ni Ààrẹ, Nàìjíríà sì ni a ti ń gbá ìdíje náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, Nàìjíríà kojú Taǹsáníà. Ìṣẹ́jú kọkànlá ni Muda jẹ góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú gbogbo ìdíje náà; 3 sí 1 ni wọ́n parí sí. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Ivory Coast, wọ́n borí Íjíbítì àti Mòrókò ní góòlù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dé àṣekágbá ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta. Algeria ni ó dúró dè wọ́n ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè. Kí ènìyàn tó jókòó dáadáa, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí ti jẹ góòlù kan ní ìṣẹ́jú kejì. Ó tún jẹ èkejì kí ìdajì àkọ́kọ́ tó parí. Ọkàn àwọn ènìyàn kò tíì balẹ̀ síbẹ̀, nítorí góòlù méjì kì í ṣe ohun tí a kò lè san padà. Ní ìṣẹ́jú àádọ́ta, Muda jẹ ẹ̀kẹta. Nígbà náà ni gbogbo Nàìjíríà mọ̀ pé ife di tiwa. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé bọ́ọ̀lù fún ẹlòmíràn ni ó ṣí ìwé góòlù Nàìjíríà nínú ìdíje náà, òun náà ni ó sì pa á dé.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Nàìjíríà yóò gba Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Ìjọba fi oyè MON dá àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ́lá, ó fún wọn ní ilé àti ọkọ̀. Christian Chukwu, balógun wọn tí ó jẹ́ òpómúléró láàárín àwọn adènà, ni ó gba ife náà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Àwọn ọmọ kékeré ń pe ara wọn ní orúkọ agbábọ́ọ̀lù ní gbogbo àdúgbò. Lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni Ọdẹ́gbàmí ti pọ̀ bí ewé.

Níbí yìí ni ó yẹ kí a dúró díẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé-ẹ̀kọ́ bíi tiwa. Ẹ wo àwọn tí ó wọ aṣọ ewé ní ọjọ́ náà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá bíi ti Muda, kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì Ìbàdàn. Òun ni olóògbé Ernest Okonkwo, ògbóǹtagì oníròyìn eré ìdárayá lórí rédíò, sọ ní Mathematical. Adokie Amiesimaka kẹ́kọ̀ọ́ nípa òfin ní Yunifásítì Èkó, Okonkwo sì sọ òun ní Chief Justice. Lẹ́yìn ọ̀la ó di agbẹjọ́rò àgbà fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers. Felix Owolabi, tí ó jẹ góòlù tí ó mú Mòrókò balẹ̀, padà sí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ní àárín àwọn wọ̀nyí ni Muda, mẹkáníìkì, dúró sí. Ọ̀kan kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì nínú ìwé, èkejì kọ́ nípa ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí pápá, bọ́ọ̀lù kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ìwé ẹ̀rí. Amòfin ń dúró de ìgbà tí mẹkáníìkì yóò gba bọ́ọ̀lù, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń wojú rẹ̀ kí ó gbé e wá. Ẹ̀kọ́ tí Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì fi ẹ̀yà ara ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì, pé ojú kò lè sọ pé òun kò nílò ọwọ́, a rí i ní Sùúrùlérè ní ọjọ́ náà.

Muda kò jókòó ti ògo ọdún 1980. Ní oṣù Keje ọdún náà, ó wà nínú ẹgbẹ́ tí ó lọ sí ìdíje Òlíńpíìkì ní Mọsíkò, bí ẹni pé ọ̀nà tí ó dí ní Montreal tún wá ṣí. Wọn kò lọ jìnnà níbẹ̀. Ní ọdún 1982, ó lọ sí Líbíà láti lọ dáàbò bo ife tí wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ìdíje náà kò dùn fún Nàìjíríà, wọ́n tètè padà wálé. Ẹlòmíràn ìbá ti fi bàtà kọ́ igi. Ní ọdún 1984, nígbà tí Olóyè Adégbóyè Onígbìndé jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, Muda tún wà nínú àwọn tí ó lọ sí Ivory Coast. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jọ gba ife ní Èkó ti kúrò. Àwọn ọ̀dọ́ ni ó yí i ká, bíi Peter Rufai tí ń ṣọ́ ilé, àti Stephen Keshi tí ó wá di ọ̀kan nínú àwọn adènà tí ó lórúkọ jù lọ ní Nàìjíríà. Wọ́n dé àṣekágbá ní Abidjan, wọ́n pàdé Kamẹrúùnù. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, Muda ni ó kọ́kọ́ jẹ góòlù. Ṣùgbọ́n Kamẹrúùnù jẹ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n sì gba ife lọ. Ní ọdún kan náà, Shooting Stars dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ tí ó gba ife líìgì ní Áfíríkà, Zamalek tí wọ́n ti borí ní 1976 ni ó sì wá gbẹ̀san lára wọn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ papọ̀. Láti ọdún 1976 títí di 1984, ìdíje Ife-Ẹ̀yẹ Áfíríkà márùn-ún ni a gbá, márààrún ni Muda Lawal wà níbẹ̀: ipò kẹta lẹ́ẹ̀mejì, ife lẹ́ẹ̀kan, ìjákulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ipò kejì lẹ́ẹ̀kan. Ó jẹ góòlù nínú àṣekágbá méjì. Ìgbà 86 ni a kà pé ó wọ aṣọ Nàìjíríà. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wá, wọ́n ń lọ: ará Yugoslafíà kan wá, ará Bràsíìlì kan wá, ọmọ Yorùbá wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Olúkúlùkù wọn ni ó dé tí ó rí i pé òun kò lè ṣe láìsí ọkùnrin àárín yìí. Ní ti ẹni tí ó mọ bọ́ọ̀lù, ìyìn tí ó ju èyí lọ kò sí.

Ọjọ́ 6 oṣù Keje, ọdún 1991 ni Muda Lawal dágbére fún ayé. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlógójì péré ni. Ọjọ́ orí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di akọ́nimọ̀ọ́gbá, olùdarí tàbí òǹkọ̀wé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ara wọn fún àwọn ọmọ wọn, ni ikú kò jẹ́ kí ó kọjá. Kò dàgbà débi tí yóò fi jókòó lórí àga níbi ayẹyẹ kan kí àwọn ọ̀dọ́ yí i ká. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn ni ó ń ròyìn rẹ̀, tí àwọn ọmọ wa tí ó mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù àti Spéènì lórí kò fi mọ ẹni tí ó jẹ góòlù kẹta ní Sùúrùlérè.

Àwọn àgbà wí pé ènìyàn kì í sunwọ̀n láàyè, ọjọ́ a bá kú là ń dère. Ní ti àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní àárín pápá, nígbà mìíràn a kì í dère pàápàá. Ẹni tí ó jẹ góòlù ni ó máa ń wà nínú àwòrán. Ìdí tí a fi kọ ìtàn yìí nìyẹn, kí orúkọ náà lè wà ní ibi kan tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò ti kà á.

A mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò fòyà bí wọ́n bá ka ìtàn yìí. Wọn yóò rò pé à ń sọ fún ọmọ wọn pé kí ó ju ìwé nù kí ó gbá bọ́ọ̀lù lọ. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí a fi òótọ́ hàn. Bí a bá wo àwọn tí wọ́n jọ gba ife náà, àwọn tí ó ní ìwé lọ́wọ́ rí ibi fẹ̀yìn tì nígbà tí ẹsẹ̀ wọn kò lè sáré mọ́. Ẹsẹ̀ a máa rẹ̀, egungun a máa ṣẹ́, àkókò agbábọ́ọ̀lù kò sì ju ọdún mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ọmọ tí Ọlọ́run fún ní ẹ̀bùn ẹsẹ̀, ẹ má ṣe gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọdẹ́gbàmí rìn nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sì pàdánù ọ̀kankan.

Sí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ẹ̀bẹ̀ méjì ni a ní. Èkíní ni ti pápá. Ní ìlú púpọ̀ lónìí, ilé ni a ń kọ́ sórí pápá ilé-ẹ̀kọ́. Ibi tí àwọn ọmọ ti ń sáré ti di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí ṣọ́ọ̀bù. A mọ̀ pé yàrá kò tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ilé tuntun ta ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ́rẹ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá ilẹ̀ mìíràn fún un. Ọmọ tí kò rí ibi sáré kò lè mọ̀ bóyá ẹ̀bùn wà lẹ́sẹ̀ òun.

Èkejì ni ti àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́yìn ògiri wa. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan máa ń wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú epo ọkọ̀ lọ́wọ́ àti lára aṣọ, wọ́n a máa wò. A sábà máa ń lé wọn. A kò mọ èwo nínú wọn ni Muda. Ṣé kò ṣeé ṣe kí ilé-ẹ̀kọ́ wa ṣètò ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn yóò wọlé, tí àwọn ọmọ wa yóò bá wọn gbá a, lábẹ́ ojú olùkọ́? Ṣé kò sì ṣeé ṣe kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀, kí ọmọ kan tàbí méjì nínú wọn lè wá kàwé ní ìrọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn kò tilẹ̀ dúró? Àwọn tí ó dá irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn baba wa kò kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè irú iṣẹ́ tí òbí wọn ń ṣe.

Ìṣẹ́jú àádọ́ta ni, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1980. Ẹni tí ó ti lo ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rí ni ó fi ọkàn Nàìjíríà balẹ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ojú wa fọ́ sí irú rẹ̀ tí ó bá tún dúró lẹ́bàá ògiri wa. Kí ó fún Mudashiru Babatunde Lawal ní ìsinmi, kí ó sì jẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wa pẹ́ títí, kí a tún jọ rí ara wa ní àyájọ́ tí ń bọ̀. Àmín.